Lánlọ́ọ̀dù Ojú Kọ̀ǹpútà

Ojo ni mí, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí fóònù bá dún kí n tó bọ́jú láàárọ̀, àyà mi á já, màá ti máa ronú ẹni tí nǹkan lè ti ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń sá fún òjìji ara mi lára ògiri, máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń fún àwọn ojo ní ẹ̀bùn, wọn ò ní rí ẹni tó máa bá mi du ipò kìíní. Mo máa ń bínú sí i, àmọ́ òótọ́ ló ń sọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í bà mí lẹ́rù, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà. Òun ni mò ń tà, òun ni mò ń tún ṣe, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Àwọn oníbàárà rò pé gíláàsì pẹlẹbẹ kan lásán ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé rárá o, àwọn ojú kéékèèké tí kò lóǹkà ló tò síbẹ̀, a ń pè wọ́n ní píksẹ́lì. Iná wà lẹ́yìn wọn, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀kùn mẹ́ta, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣí, funfun lẹ máa rí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tì, dúdú ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn lè há. Èyí tí tirẹ̀ bá há ní títì á di àmì dúdú tí kò ní tàn mọ́ láéláé. Èyí tí ọ̀kan ṣoṣo bá há ní ṣíṣí á máa tan pupa tàbí búlúù níbi tí kò sẹ́ni tó pè é. Èyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá há ní gbayawu á máa tàn funfun báláú, kódà nígbà tí gbogbo ibi tó kù bá dúdú bí èédú. Èèyàn lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, èèyàn lè máa yára pààrọ̀ àwọ̀ lé e lórí bóyá ó máa jí. Nígbà míì ó máa ń jí, nígbà míì ẹ máa ṣe é tì ni.

Ọ̀rọ̀ píksẹ́lì yìí ti dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́. Oníbàárà á rí àmì kan ṣoṣo, á gbé ẹrù náà padà wá, á ní mo ta ọjà bíbàjẹ́ fún òun. Màá sọ fún un pé àwọn tó ṣe é gan-an kì í ka ẹyọ kan sí àbùkù, ó dìgbà tó bá pọ̀ kí wọ́n tó gbà á padà. Bó bá ṣì ń pariwo, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àmì kan ò pa èèyàn rí." Ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé mi kì í gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi náà. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ya ẹ́síréè, fótò inú ara tó ń fi egungun àti ẹ̀dọ̀fóró hàn. Ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo àwọn fótò yìí ti gbó, ó sì ní píksẹ́lì kan tó há ní ṣíṣí. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa ń gbà gbé fótò àyà síbẹ̀, kó kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fún ìdí èyí, ara ẹni yòówù kó jẹ́, ibì kan náà ni àmì funfun yẹn máa ń bọ́ sí, inú ẹ̀dọ̀fóró, lábẹ́ egungun tó dábùú èjìká. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ ọ́ ní Lánlọ́ọ̀dù, torí pé ayálégbé ń wọlé, ayálégbé ń jáde, òun ò lọ síbì kankan. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, kí wọ́n tó fi ibi tó máa kó aṣọ sí hàn án ni wọ́n ti máa fi Lánlọ́ọ̀dù hàn án. Bí wọ́n bá ti rí i lára fótò, wọ́n á ní "Lánlọ́ọ̀dù ni," ojú wọn á sì ré e kọjá. Ojú wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ó bí ẹsẹ̀ ṣe ń fo àtẹ̀gùn tó sán nínú ilé ẹni.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá wọn gbà láti ra tuntun, ẹ̀gbọ́n mi sì rí i dájú pé ọwọ́ mi ni wọ́n ti rà á. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Mo fi funfun kún un látòkè délẹ̀, mo fi dúdú kún un, lẹ́yìn náà pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e lójú. Kò sí nǹkan kan. Mo gbé e sínú mọ́tò mi, mo kó sínú kòtò kan lójú ọ̀nà tí orí mi fi gbá òrùlé, mo sì gbé e dé ọ̀hún nígbà tí wọ́n ti fẹ́ tilẹ̀kùn. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, iná tàn, mo gbé ti àtijọ́ jáde. Mi ò tún un yẹ̀ wò níbẹ̀, torí ẹni tó máa tilẹ̀kùn ti ń mi kọ́kọ́rọ́ létí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n múra wá o, Lánlọ́ọ̀dù tí mo lé jáde ti kó ẹrù ẹ̀ padà wọlé. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n wá fojú ara mi rí i, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà, lábẹ́ egungun èjìká, funfun báláú. Inú bí mi. Mo ní ojú ẹ̀ ló ní àbùkù, kì í ṣe ọjà mi. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo ti ń to èébú tí màá bu ú sẹ́nu, nígbà tó wá sí mi lọ́kàn láti bi í pé lára fótò ta ló ti rí i.

Ó ní, "Ti Màámi."

Ó ti pẹ́ tí Màámi ti ń húkọ́. Ó máa ń sọ pé eruku ni, nígbà tó yá ó ní oògùn tí wọ́n ń fín fún ẹ̀fọn ni, lẹ́yìn náà ó ní ọjọ́ orí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi tipátipá mú un pé kó wá ya fótò àyà. Nígbà tó sì jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ní ìyá òun ló máa kọ́kọ́ lò ó, bí ẹni ń dá èèyàn pàtàkì lọ́lá. Ó ya á, ó gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ó rí àmì náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún Màámi pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ti fi fótò náà sáàárín àwọn tí kò kánjú, àwọn tí dókítà wọn, tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lè wò nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Iwájú ojú kọ̀ǹpútà yẹn náà ni dókítà máa ń jókòó sí, òun náà sì mọ Lánlọ́ọ̀dù dáadáa.

Mo bi í bóyá ó ti wo fótò ẹlòmíì lójú kọ̀ǹpútà náà. Ó ní rárá, òun ti pa á, àwọn ti kó iṣẹ́ lọ sí yàrá kejì títí màá fi dé. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lọ́kàn mi ò tíì wá sí tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ní mò ń bọ̀.

Mo gbé ojú kọ̀ǹpútà mìíràn sẹ́yìn mọ́tò, mo sì gbéra. Mi ò mọ bí mo ṣe wà á. Mo dé ibi kòtò yẹn, mo dẹwọ́ eré, mo sì wò ó bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́. Mo ní Ọlọ́run, jọ̀ọ́, jẹ́ kó jẹ́ pé ibí yìí ló ti bàjẹ́. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn ọ̀kan ti há nígbà tí mo kó sínú rẹ̀. Èmi tí mo máa ń bá oníbàárà jà torí àmì kan, èmi náà ni mò ń bẹ̀bẹ̀ lójú títì pé kí ọjà mi bàjẹ́. Mo ṣèlérí pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò tún ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí píksẹ́lì mọ́.

Màámi wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ó ti lọ sílé. Bó ṣe rí mi ló dìde, ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbi igun ògiri, ó ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan.

"Àbíkẹ́yìn mi, má bá wọn jà o," ó ní. "Gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ọ̀gá wọn tó gbọ́. Ọjà ẹni náà lè bàjẹ́."

Ìyẹn ló fi jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, kò jẹun. Ó gbọ́ pé ọjà tí mo tà ní àbùkù, ó wá dúró láti bá mi bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n má bàa dójú tì mí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló tún húkọ́, ó fi etí gèlè bo ẹnu. Mo ti máa ń gbọ́ ikọ́ yẹn tipẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń kàn mí ní ìṣó. Mo ní kó lọ jókòó, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró dè mí nínú yàrá tí wọ́n ti ń wo fótò. Yàrá kékeré ni, kò ní fèrèsé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ṣókùnkùn kí fótò lè hàn dáadáa. Tábìlì kan, àga méjì, fáànù kan tó ń ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀yẹ́ mi, ó ní onísikiríìnì ti dé. Ó wá rí ojú mi. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé sí i lára. Ó kọ́kọ́ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ilẹ̀kùn tí Màámi wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló rọra jókòó.

Mo tan ojú kọ̀ǹpútà náà. Mo fi funfun kún un. Mo sún mọ́ ọn títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, mo sì rí àmì dúdú kan lápá òkè, níbi tó yẹ kó wà gan-an. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ti fẹ́ pariwo pé òun rèé, kí n tó rántí pé funfun ni wọ́n ní àwọn rí, kì í ṣe dúdú. Mo fi aṣọ nù ún. Eruku ni. Ó bá aṣọ lọ.

Mo wá fi dúdú kún un. Èyí ni mò ń bẹ̀rù jù, torí píksẹ́lì tó bá há ní gbayawu ò lè fara pamọ́ sínú dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi pa iná yàrá. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ojú dúdú yẹn, a ń wá ẹyọ iná kékeré kan bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mo gbé awò mi lé e. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń mí. Mo ní kí ojú mi má tàn mí jẹ, mo tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Dúdú ni látòkè délẹ̀. Mo wo pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, mo kàn ń fi ṣe ohun tí màá máa ṣe ni.

Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ta ojú kọ̀ǹpútà, mi ò ta èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní kó gbé fótò Màámi wá. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Egungun ìhà rẹ̀ yọ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àti ọkàn rẹ̀, àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ méjèèjì tó dúdú. Lánlọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, lábẹ́ egungun èjìká, níbi tí ojú ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń fò kọjá. Tí kò bá jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló wà, tó bá jẹ́ ibòmíì lára ẹ̀dọ̀fóró, kò sí bí ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa fò ó.

Ó ṣì ku ohun kan tí a lè ṣe, àwa méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Píksẹ́lì kì í rìn. Bí èèyàn bá fa fótò sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì tó bá jẹ́ ti ojú kọ̀ǹpútà á dúró síbi tó wà, fótò á sì fi í sílẹ̀ lọ. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fà á. Kò fà á. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì, ó fi sáàárín orúnkún.

Ó ní, "Èyí tó o gbé wá yẹn, jẹ́ ká gbé e síbí dípò eléyìí. Ká kàn pààrọ̀ ẹ̀ ná."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ máa rí i lára ìyẹn náà."

Kí n má parọ́, ó ṣe mí bíi pé kí n gbà fún un. Mo lè sọ pé píksẹ́lì ni. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, ta ló máa bá mi jiyàn? Mo lè gbé ojú kọ̀ǹpútà wọlé, kí n gbé òmíràn jáde, Màámi á gbádùn oorun rẹ̀ lálẹ́, èmi náà á gbádùn tèmi. Ẹ̀rù tó ń bà mí pọ̀ débi pé irọ́ yẹn ti wà ní góńgó ahọ́n mi. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo di máòsì mú. Mo fa fótò náà sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀.

Àmì náà tẹ̀ lé e. Mo fà á sápá òsì, ó tẹ̀ lé e. Mo fà á sísàlẹ̀, ó bá egungun èjìká Màámi sọ̀ kalẹ̀, kò kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ń sọ pé òun ti sọ fún un pé ó mọ́, òun ti sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Mi ò rí i kó sunkún rí láti ìgbà tí bàbá wa ti kú.

Nígbà tó nu ojú tán, ó pe dókítà. Mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé. Dókítà ò bú u. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí Màámi má lọ síbì kankan, kí wọ́n ya fótò mìíràn láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní ó lè jẹ́ ọgbẹ́ àtijọ́ tó ti san, ó sì lè jẹ́ ohun míì, òun ò lè sọ lórí fóònù. Ó ní tó bá tilẹ̀ jẹ́ ohun míì, bó ṣe kéré yẹn dáa, àti pé a rí i lónìí dáa. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tó fẹ́ rì sómi.

Ilẹ̀kùn ṣí. Màámi ló yọjú, kò lè fara dà á mọ́. Ó rọra béèrè bóyá mo ti bá wọn tún un ṣe.

Mo ní, "Ojú kọ̀ǹpútà yìí ò ní àbùkù kankan, Màámi."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní òun ti mọ̀, ọmọ òun kì í ta ọjà jákujàku. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ó yẹ kó bẹ̀ mí, torí ó ba ọjà mi lórúkọ jẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè gbójú sókè. Màámi wá rí fótò tó wà níwájú wa, ó wọlé, ó sún mọ́ ọn, ó béèrè bóyá òun nìyẹn. Mo ní òun ni. Ó rẹ́rìn-ín sí egungun ara rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ti rù tó báyìí. Ojú rẹ̀ wá dé orí àmì funfun náà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò rí i pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn ni?"

Ó tọ́ etí gèlè rẹ̀ lá, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀kọ bá gbẹ mọ́ wa lẹ́nu lọ́mọdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó nù ún, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó nù ún sí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màámi," mo ní, "ẹ má nù ún mọ́. Kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà ló wà."